Ohun Tó Bá Ọ̀rọ̀ Rìn Dé Ìdí-Ọ̀sán

Àìṣà Láwàl kì í ṣe ẹni tí í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó fi ń jẹun ni kí ó máa mú àwọn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Ìdí-Ọ̀sán ni wọ́n ti bí i, abúlé kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn ìlú Ìlọrin, níbi tí ènìyàn kò ti pọ̀ tó ewúrẹ́. Àáfà Láwàl, bàbá rẹ̀, ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, ó sì ń sin ẹran. Àìṣà ló máa ń da àwọn ẹran náà wọlé nírọ̀lẹ́ nígbà tó wà ní kékeré. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa pariwo, wọn a máa fi pàṣán lé wọn. Òun ní tirẹ̀ á kàn dúró lẹ́nu ọgbà, á máa tẹ́tí sí igbe wọn bí wọ́n ti ń wọlé. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù sínú igbó, á ti mọ̀ kí bàbá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ìyá rẹ̀ a máa sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n yéé yọ ọmọ náà lẹ́nu pé kò sọ̀rọ̀, pé ohun tí etí rẹ̀ ń gbà wọlé ló pọ̀ ju ohun tí ẹnu rẹ̀ lè kó jáde.

Ó kàwé débi tí agbára bàbá rẹ̀ mọ, ó fẹ́ Mohammed, olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, wọ́n sì kó lọ sí Ṣàngó, nínú ìlú Ìlọrin. Fún ọdún mélòó kan, ó ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Challenge, nínú ariwo jẹnẹrétọ̀ àti fèrè ọkọ̀. Lókè ṣọ́ọ̀bù náà ni iléeṣẹ́ kékeré kan wà tí ń fi fóònù kọ́ àwọn olùsìn ẹran níṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ni ọ̀gá ibẹ̀. Òun ló máa ń gbé ìwé wá sísàlẹ̀ kí Àìṣà bá òun tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ olùsìn ewúrẹ́ ni, ó ní kí ó gòkè wá bá àwọn ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ náà kò le. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbé fídíò kan jáde ní èdè Yorùbá: bí a ṣe ń kọ́ ilé ẹran tí òjò kò ní í rọ̀ sí, oúnjẹ tí aboyún ewúrẹ́ ń fẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wò wọ́n tán á gba ìwé-ẹ̀rí. Nísàlẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni àyè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lè bára wọn sọ̀rọ̀, gbàgede ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì. Ìtọ́jú gbàgede yìí ni wọ́n gbé lé Àìṣà lọ́wọ́.

Kò rí nǹkan kan tọ́jú níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn á wo ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní, wọ́n á wo èkejì, wọn ò tún ní í ṣí i mọ́. Àìṣà a máa béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni wọ́n rí kọ́ nínú ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ náà. Ẹnì kan á kọ “Ẹ ṣeun.” Ẹlòmíràn á kọ “Ó dára.” Ibẹ̀ náà lọ̀rọ̀ á parí sí. Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì kì í gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó yé Àìṣà pé àwọn tó ń gbọ́ bùkátà iléeṣẹ́ náà kò ní í fi owó wọn kọ́ àwọn tó ti sálọ.

Ìgbà tí Àìṣà lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ìdí-Ọ̀sán ni ojú rẹ̀ là. Ó jókòó lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ó ń gbọ́ bí bàbá rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò sí èyí tó bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè pé kí ló kọ́. Ẹran ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn: ṣé dúdú tó ń yarọ lọ́jọ́sí ti ń tẹ ẹsẹ̀, ṣé òbúkọ tó máa ń já okùn ti ń fara balẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Àìṣà mú fóònù, kò kọ nǹkan kan, ó fi ohùn ara rẹ̀ béèrè nínú gbàgede pé: “Èwo nínú ẹran yín ló ń yọ yín lẹ́nu jù? Ẹ fi ohùn dá mi lóhùn, ẹ má kọ ọ́.”

Kó tó di ọ̀sán, gbàgede ti ń hó bí ìkòkò. Obìnrin kan ń ráhùn nípa òbúkọ tó jẹ aṣọ ìmúròde rẹ̀. Ọkùnrin kan ń bi í léèrè irú aṣọ tó jẹ́. Àwọn tó ti pa ẹ̀kọ́ tì padà wá, nítorí wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, nígbà tí wọ́n sì gbọ́, wọ́n ní láti wo ẹ̀kọ́ kí àwọn náà lè rí nǹkan sọ. Láàárín oṣù kan, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni máa sálọ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì ra ìpápánu wá sí ọ́fíìsì, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí látìgbà tóun ti ń ṣe iṣẹ́ náà.

Bàbá Àìṣà pàápàá wọ ẹgbẹ́ wọn. Lẹ́tà Lárúbáwá ni Àáfà Láwàl lè kà dáadáa, èyí ni kò jẹ́ kí ó fẹ́ràn fóònù tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn kì í ṣe ohun tí à ń kà. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ kí ó sọ̀rọ̀, ó sì mọ ibi tí òun náà á tẹ̀ kí òun fèsì. Bó ṣe ń kírun Àsùbáà tán ni yóò gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ etí, tí yóò máa rẹ́rìn-ín. Ìyá Àìṣà ní àfi bí ẹni pé ọkọ òun ti rí ọ̀rẹ́ tuntun ní ọgọ́rùn-ún ilé.

Ẹni tí gbogbo wọn fẹ́ràn jù ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abdulmateen, tó ń sin ẹran lẹ́yìn ilé tó háyà ní Ṣàngó, tó sì tún ń rà wọ́n tà. Ó mọ àwàdà ṣe. Ó mọ orúkọ ẹran oníkálùkù. Bí ẹnì kan bá béèrè ọ̀rọ̀, Abdulmateen á ti dáhùn kí Àìṣà tó mú fóònù. Àwọn àgbàlagbà inú wọn ń pè é ní ọmọ mi, òun náà kì í sì dárúkọ wọn ní gàdàgbà. Àìṣà dúpẹ́ pé ó wà níbẹ̀, nítorí ó ń bá òun ru ìdajì ẹrù náà.

Jummai ló kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ burúkú wá. Apá òkè ni obìnrin náà ń gbé, lójú ọ̀nà tó lọ sí Odò Ọya. Ó fi ohùn ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohùn náà rẹlẹ̀.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ewúrẹ́ mi kan ti dùbúlẹ̀ láti àná. Ikun ń dà nímú rẹ̀, ojú rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, ó sì ń yàgbẹ́ omi. Ta ló ti rí irú rẹ̀ rí?”

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, nǹkan kan ń wúkọ́. Àìṣà tún ohùn náà gbọ́. Kì í ṣe ẹyọ ewúrẹ́ kan ló ń wúkọ́ níbẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn, oníkálùkù pẹ̀lú oògùn tirẹ̀. Àìṣà sáré lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì pé kí ó ṣí ẹ̀kọ́ àrùn sílẹ̀, èyí tí kò tíì kàn. Ó ṣí i. Lọ́jọ́ náà gan-an, gbogbo wọn ló wò ó. Dókítà ẹran tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò náà dárúkọ àrùn náà, èyí tí àwọn ọlọ́jà ẹran ń pè ní káta. Ó ní kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n bó bá wọ agbo ewúrẹ́, ó lè gbá a mọ́. Ó ní kò sóògùn tó ń pa á, abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ló ń dènà rẹ̀, kí ó tó dé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ta ẹran láti inú agbo tó ń ṣàìsàn, kí ẹni tó bá sì ra ẹran tuntun yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bó ti wù kí ara rẹ̀ dá tó.

Ewúrẹ́ Jummai kú. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ sí i, ọkùnrin kan tí ilé rẹ̀ sún mọ́ Ìlọrin jù ti Jummai lọ fi ohùn ránṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti kan òun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹlòmíràn tó tún sún mọ́ Ìlọrin ju òun lọ. Àìṣà mọ ojú ọ̀nà náà, ó sì rí i pé àrùn náà ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ bí ẹni tó wọkọ̀.

Bí ikú ṣe ń pọ̀ ni ẹsẹ̀ ń pọ̀ ní gbàgede. Àwọn tí kì í ju kí wọ́n yọjú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láàárọ̀ lọ́sàn-án. Gbogbo ẹ̀kọ́ ni wọ́n wò, wọ́n tún wo àwọn èyí tí wọ́n ti wò tẹ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì ń fi àwòrán iye àwọn tó ń wọlé han àwọn àlejò tó wá sí ọ́fíìsì, bí ìlà inú rẹ̀ ṣe ń gòkè sí i. Àìṣà dúró lẹ́yìn wọn, inú rẹ̀ kò dùn, kò sì lè sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bí àwọn èèyàn wọ̀nyí bá ń gbọ́, tí wọ́n sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àrùn náà kò dúró?

Ẹnu Abdulmateen ló ti gbọ́ ìdáhùn. Ọmọkùnrin náà fi ohùn kan ránṣẹ́ láàárín ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn, ó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Jummai: “Ìyá, ẹ ṣé gan-an o. Awakọ̀ yín dé láyọ̀. Gbogbo ẹran náà ló dúró lórí ẹsẹ̀ wọn, ara wọn le koko.”

Àìṣà gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ó tún gbé e, ó padà sínú àwọn ohùn àtijọ́, ó ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹran ẹnikẹ́ni bá ti ń wúkọ́, Abdulmateen á bá a kẹ́dùn, á sì ní kí ó pe òun ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀rù tí gbàgede ń kó bá àwọn èèyàn wọ̀nyí kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró de ikú. Wọ́n ń ta àwọn tí kò tíì wúkọ́. Abdulmateen ń rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ó sì ń tà á fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nínú gbàgede kan náà. Gbogbo wọn ló gbà á gbọ́. Ta ni kò mọ ohùn Abdulmateen? Ògiri ti lanu, aláǹgbá ti wọlé, Àìṣà gan-an ló sì kọ́ ògiri náà.

Ó sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì. Ojú ọ̀gá rẹ̀ yí padà. Ó ní kí wọ́n ti gbàgede pa kó tó di ìrọ̀lẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà má ba orúkọ iléeṣẹ́ jẹ́.

“Sà, bí a bá tì í, òwò náà kò ní í dúró,” ni Àìṣà wí. “Wọ́n ti ní nọ́ńbà ara wọn. Àwa nìkan ni a ò ní í gbọ́ mọ́.”

 Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì ní òun fún un láyè díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

Àìṣà pe Abdulmateen. Ó gbé fóònù pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí ó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ ni ẹ̀rín ọ̀hún ń tán. Ó ní, “Àǹtí Àìṣà, ẹran tí ara rẹ̀ yá ni mo rà. Mi ò ra aláìsàn kan.” Àìṣà sọ fún un pé àrùn náà lè wà lára ẹran fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó yọjú. Ó bi í léèrè àwọn tó tà wọ́n fún. Ọmọkùnrin náà ní òun máa padà pè é. Kò pè.

Ìgbà náà ni Àìṣà wọ inú gbàgede, ó sọ ohun tó rí, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó bẹ gbogbo ẹni tó bá ti ra ẹran lọ́wọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀ pé kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sọ ibi tí wọ́n wà, kí dókítà lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kò sẹ́ni tó fèsì. Ẹ̀rọ fi hàn pé wọ́n ti gbọ́ ọ. Iye wọn ń lọ sókè, ohùn kankan kò jáde. Láti ìgbà tí Àìṣà ti béèrè ọ̀rọ̀ ẹran lọ́wọ́ wọn, gbàgede kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣì dákẹ́. Ẹ̀kọ́ tuntun jáde, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ṣí i. Ọ̀rọ̀ ni ó ti ń fà wọ́n wá, nígbà tí ọ̀rọ̀ sì di ohun ìtìjú, wọ́n kó ẹsẹ̀ wọn kúrò. Gbogbo ẹni tó rà ló ti gbọ́ ẹ̀kọ́ tó ní kí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Ta ló máa jáde wá sọ pé òun kò tẹ̀ lé e?

Níbi tó ti ń wá orúkọ kiri nínú àwọn ohùn àtijọ́ ni ohùn kan ti dá a dúró. Ohùn bàbá rẹ̀ ni. Ó ń ṣàdúrà fún Abdulmateen, pé kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i, pé àwọn ẹran náà wu òun. Àìṣà pe Ìdí-Ọ̀sán lójú ẹsẹ̀.

“Bàbá, ẹ ra ẹran?”

“Àìṣà Àbẹ̀ní, mo rà á. Mẹ́ta péré. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n dé. Mo ti fẹ́ sọ fún ọ kí o wá wò wọ́n.”

“Ṣé ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀?”



“Ṣebí ẹran Abdulmateen ni?” ni bàbá rẹ̀ wí. “Mo mọ ọmọ náà.”

“Bàbá, ẹ ti rí i rí?”

“Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀.”

Mohammed gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà Ìdí-Ọ̀sán lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Òjò ṣú, kò rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ewúrẹ́ àwọn aládùúgbò àti ti bàbá rẹ̀ wà pọ̀ nídìí òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ kan náà, bí wọ́n ṣe máa ń wà láti ìgbà tó ti gbọ́njú. Àwọn mẹ́ta tuntun wà láàárín wọn. Méjì ń jẹun. Ẹ̀kẹta, abo funfun kan tó rẹwà, dúró, kò jẹ nǹkan kan. Omi kan tín-ín-rín ń dán lẹ́bàá imú rẹ̀.

Àáfà Láwàl bá ọmọ rẹ̀ wò ó. Ó ní bóyá eruku ni.  Àìṣà dúró síbẹ̀, ó ń tẹ́tí sílẹ̀, nígbà tó sì ṣe, láti ọ̀nà ilé kejì, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ funfun náà rárá, ó gbọ́ ẹran kan tó wúkọ́.

Wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi igi àti páànù sé ẹ̀yìn ilé. Mohammed ń gbẹ́ ihò òpó, Ìyá Àìṣà ń bu omi. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Funfun náà kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ewúrẹ́, lẹ́yìn náà àwọn ìyá wọn. Ilé kejì náà ń gbẹ́ ilẹ̀ sin òkú ti wọn, ilé kẹta ń sin ti wọn. Àwọn àgùntàn díẹ̀ nìkan ló là á já nínú ọgbà Àáfà Láwàl. Kò sí aládùúgbò kan tó bá a jà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kírun tán, wọn kì í jókòó pẹ́ mọ́. Fóònù ọkùnrin náà wà nínú àpò rẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́.

Lówúrọ̀ ọjọ́ kan tí Àìṣà wá bẹ̀ wọ́n wò, bàbá rẹ̀ pè é sẹ́yìn ilé. Ó yọ fóònù náà jáde. Ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀, pé kí ó bá òun wò ó bóyá ó ń gbà á sílẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, bí ẹni tó fẹ́ wọlé sáàárín àwọn èèyàn.

“Àsàlámù àléékùm. Èmi Láwàl ti Ìdí-Ọ̀sán ni mò ń sọ̀rọ̀. Mo ra ẹran mẹ́ta nínú gbàgede yìí. Wọ́n kọ́ wa pé ká yà wọ́n sọ́tọ̀, mo gbọ́ ọ, mi ò ṣe é, torí mo rò pé mo mọ ẹni tó tà á fún mi. Ohùn rẹ̀ ni mo mọ̀. Ewúrẹ́ mi ti tán, ti àwọn ará ilé wa náà ń tán lọ. Ẹni tó bá rà lára ẹran yẹn nínú yín, kí ó má dákẹ́ nítorí ojú tì í. Ojú ti tì mí, mo ṣì wà láàyè. Ẹ sọ̀rọ̀.”

Ó dá fóònù padà sínú àpò, ó sì lọ bu omi fún àwọn àgùntàn.

Àìṣà kò tíì dé Challenge tí ohùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Túnmiṣe, olùkọ́bìnrin kan tó ń gbé nítòsí Ọ̀mù-Àrán, ló kọ́kọ́ fèsì: ó rà, ó sì ti pín nínú wọn fún àbúrò rẹ̀. Ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà Ipata, ẹlòmíràn láti abúlé tí Àìṣà kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Jummai ń sunkún nínú tirẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará gbàgede ni ẹran òun ń lọ. Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró. Nígbà tó gbọ́ orúkọ ìlú rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó kó àwọn ohùn náà lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹran ìjọba. Kò sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n ti gbàgede pa mọ́.

Àwọn dókítà náà jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ nínú páálí yìnyín. Ibòmíràn wà tí wọ́n dé tí ẹran kò tíì wúkọ́, wọ́n gún gbogbo rẹ̀. Ibòmíràn wà tí ọgbà nìkan ni wọ́n bá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà sídìí ẹ̀kọ́ wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ẹnì kan sẹ́yìn, wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí. Àáfà Láwàl gba tirẹ̀. Wọ́n fòfin de rírà àti títà nínú gbàgede. Àwọn èèyàn ṣì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín inú rẹ̀ ti dínkù, bí ẹnì kan bá sì ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Abdulmateen kò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí Àìṣà rí ilé rẹ̀ ní Ṣàngó, ilẹ̀kùn wà ní títì, agbo ẹran ẹ̀yìn ilé ti ṣófo. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé náà ní píkọ́ọ̀pù méjì ló wá kó àwọn ẹran lọ, wọ́n sì pọ̀. Ó ní ọmọ náà kò sọ ibi tó ń lọ, pé ó kàn ń sọ pé òun gbọ́dọ̀ tà wọ́n kí wọ́n tó bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Iléyá ti ń sún mọ́lé nígbà náà, ọkọ̀ ẹran sì kún gbogbo títì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà kan tí Àìṣà kò mọ̀ pè é lọ́sàn-án, ní ọ́fíìsì. Ọkùnrin kan ni, àgbàlagbà. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ló fún òun ní nọ́ńbà rẹ̀, pé wọ́n ní ó mọ̀ nípa ewúrẹ́. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ dùn, tó ń pa gbogbo àwọn lẹ́rìn-ín lọ́jà, pé gbogbo abúlé àwọn ló rà níbẹ̀. Ó ní ara àwọn ẹran náà dá, ọ̀kan péré ni kò fẹ́ jẹun láti àárọ̀, òun fẹ́ mọ ohun tóun lè fún un.

Àìṣà bi í léèrè ibi tó wà. Ọkùnrin náà dárúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn, tó jìnnà gan-an sí Ìlọrin. Àìṣà ní kí ó dúró díẹ̀ fún òun, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kí ariwo ọkọ̀ má bàa wọlé, ó sì ní kí ó gbé fóònù náà sún mọ́ àwọn ẹran.